Báírò Pupa Ìyá Agbẹ̀bí

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kìíní

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín títí, mo tún padà kí yín. Ẹ kú ọdún tuntun, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àìsùn. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti gbọ́ tòògùn? Ara tèmi le, òtútù òkè òkun níbí nìkan ló ń fi ojú wa rí nǹkan.

Ẹ má bínú pé lẹ́tà ni mo tún fi ń dà yín láàmú. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò ní gbé fóònù, pé fóònù a máa jẹ́ kí èèyàn sọ ohun tí kò tíì rò. Ó dáa, mo ti rò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi rò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi Káfíńtà ló sọ fún mi pé ìjọba ń ṣe òfin tuntun lórí ìtọ́jú ìlera. Ó ní gbogbo ilé ìgbẹ̀bí aládàáni ló gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ kí oṣù kejì tó parí, kí wọ́n sì gbà kí ìjọba máa bójú tó wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á tì wọ́n pa. Ó ní gbogbo àdúgbò ló ń jiyàn lé e lórí: àwọn kan ní ó ti pẹ́ jù, àwọn kan ní olè ló wọ aṣọ òfin. Ó ní ẹ̀yin ò tilẹ̀ bá wọn jiyàn, pé ṣe lẹ fi fọ́ọ̀mù náà nu tábìlì.

Màámi, ṣé òótọ́ ni?

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ fún yín. Wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí tí mo wà yìí, ìjọba ló ni ín látorí bẹ́ẹ̀dì dórí ìgbálẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rìndínlógún, fèrèsé ńlá mẹ́fà, aago kan tó máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin sáré ju gbogbo aago yòókù lọ, tí kò sẹ́ni tó rántí tún un ṣe. Obìnrin tó bá wọlé, kò sẹ́ni tó ń bi í pé ta ni ọ́, kí lo mú dání. Àga ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún un. Bí nǹkan bá yíwọ́, bọ́tìnnì kan wà lára ògiri. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, dókítà á ti dé kí n tó ka ogún. Bí àwa òṣìṣẹ́ bá sì ṣe àṣìṣe, a ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù kan. Wọn kì í lé wa. Wọ́n á wá jókòó tì wá, wọ́n á kọ́ wa bí a ò ṣe ní ṣe é mọ́. Ohun tí ìjọba lè ṣe fún èèyàn nìyẹn, kí ló dé tí ẹ̀yin ò fẹ́ ẹ?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà. Mo mọ̀ pé orí yín le, ṣùgbọ́n òfin ò mọ olórí líle.

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó wọn, kí ẹ sì bá mi gbá ọmọ wọn mọ́ra.

Èmi ni ọmọ yín,
Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní

Abẹ́rẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo ti jẹ́ gbogbo ìkíni rẹ níbi tí mo jókòó sí, má jẹ̀ẹ́ kí n tún fi báírò ṣòfò lé e. Orúnkún ń dùn mí. Ẹsẹ̀ tó ti dúró ti obìnrin tó ń rọbí fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, bí kò bá dun èèyàn, a jẹ́ pé igi ni.

N kò fi fọ́ọ̀mù nu tábìlì. Àga ni mo fi nù. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó máa la ojú dáadáa kó tó ròyìn.

Àwọn mẹ́ta ni ìjọba rán wá, lọ́sàn-án gangan. Ọ̀kan ń fi téèpù wọn ilẹ̀kùn, ọ̀kan ń ya fọ́tò, ẹ̀kẹta tó jẹ́ ọ̀gá wọn há fáìlì mọ́ abíyá. Látọjọ́ náà, Fáìlì ni mò ń pè é, gbogbo àdúgbò sì ti gbà á lẹ́nu mi. Fáìlì ní fèrèsé yàrá ìgbẹ̀bí mi kéré. Mo ní ta ló fẹ́ gba ibẹ̀ jáde? Ó ní kí n mú ìwé ẹ̀rí wá. Mo ní àǹtí mi ló kọ́ mi níṣẹ́, pé lẹ́yìn ìyẹn ìjọba fúnra rẹ̀ kó wa jọ fún oṣù mẹ́fà, ó kọ́ wa, ó fún wa níwèé, ikán sì ti jẹ ìwé náà. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, ṣé kí n lọ gbọ́rọ̀ lẹ́nu ikán ni?" Mo ní, "Rárá o. Lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ. Bi í léèrè ilé ẹni tó bí ọ sí." Yàrá tó ń bú fèrèsé rẹ̀ yẹn ni.

O ń sọ̀rọ̀ bọ́tìnnì ara ògiri fún mi. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ní ògiri, n kò ní bọ́tìnnì. Láti ẹnu ọ̀nà mi dé ọsibítù ìjọba, wákàtí méjì ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá di ìgbà òjò, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Kò sí mọ́tò tó ń gbé aláboyún. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nípamọ́. Dókítà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì ń pín ara rẹ̀ sí ìlú mẹ́ta. Àwọn tí ò rí ìwọ̀nyí ṣe ló wá ń wọn fèrèsé mi. A ní kí wọ́n gbé omi wá, wọ́n gbé àgádágodo wá. Bí wọ́n bá ti ilé mi, ṣé oyún á dúró dè wọ́n ni? Ilé wọn ni àwọn obìnrin á bímọ sí, lọ́wọ́ aládùúgbò tí kò mọ̀ ju omi gbígbóná lọ.

Gbọ́ mi dáadáa. N kò ní kí ìjọba má wá. Mo ní kó mú nǹkan dání bó bá ń bọ̀. Ta ló ń lọ kí ọlọ́mọ tuntun lọ́wọ́ òfo?

Ọ̀rọ̀ kan dùn mí nínú lẹ́tà rẹ. O kọ "ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́" bí ẹni pé eré la ń ṣe níbí. Ibí lo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé wọ́n ń fọ ọwọ́ dé ìgbúnwọ́. Má gbàgbé.

Bá mi wá ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí o sì fi báírò pupa méjìlá sí i. Èyí tí wọ́n ń tà níbí, èèyàn ò tíì kọ ìlà kan tí yóò fi gbẹ.

Ìyá rẹ ni


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kejì

Màámi,

Mo kí yín o. Igba ìbọ̀wọ́ ló wà nínú páálí tó ń bọ̀. Báírò pupa kò sí níbẹ̀. Mi ò ní fi báírò pupa ránṣẹ́. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́.

Ẹ sọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà, ẹ sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀ dókítà, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ ti inú yàrá. Inú ilé yẹn lèmi náà dàgbà sí, Màámi. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lèmi ti ń fi rúlà fa ìlà sínú ìwé tí ẹ fi ń kọ orúkọ àwọn aláboyún. Mo rí ohun tí mo rí. Ìjọba tó bá fẹ́ mọ iye obìnrin tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé tí wọ́n gbé jáde, mi ò lè pè é lọ́tàá.

Nítorí náà, mo ti ṣe nǹkan kan. Fọ́ọ̀mù yẹn wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ti bá yín kún un. Mo fi orúkọ yín sí i, àdírẹ́sì ilé, iye ọdún tí ẹ ti ń gbẹ̀bí. Gbogbo ohun tí wọ́n béèrè ni mo dáhùn bó ṣe rí, mi ò fi ọ̀kan pamọ́, nítorí ẹni tó bá sọ òótọ́ ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Wọ́n á fi olùkọ́ ránṣẹ́ sí yín, wọ́n á fún yín nírinṣẹ́. Ẹ ó bínú lónìí, ẹ ó dúpẹ́ lọ́la. Ẹ lè nà mí nígbà tí mo bá dé, mo ti gbà.

Mo ṣe é nítorí pé mo fẹ́ràn yín. Mo sì tún ṣe é nítorí àwọn obìnrin yẹn.

Ọmọ yín,
Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Abẹ́rẹ́,

Páálí rẹ ò tíì dé, lẹ́tà rẹ náà ò tíì dé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ò lè dúró de òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́.

Wọ́n ti ti yàrá ìgbẹ̀bí mi. Lánàá òde yìí ni Fáìlì mú ọlọ́pàá méjì wá, wọ́n fi àgádágodo tó tó orí ọmọdé há a, wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn. Mo wọ awò mi, mo kà á sókè. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé obìnrin mọ́kànlélógójì ló kú sọ́wọ́ mi. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Fáìlì ní èmi ni. Ó ní fọ́ọ̀mù tí mo fi ọwọ́ ara mi kún ló wà lọ́wọ́ àwọn. Mo ní ọwọ́ mi wo? Ó fi hàn mí. Orúkọ mi nìyẹn, àdírẹ́sì mi nìyẹn, iye ọdún mi pé géérégé.

Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí mọ ilé mi, ó mọ inú ìwé mi. Kì í ṣe ọ̀tá ìta. Ìwọ tó mọ̀wé, tó mọ ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì, bá mi wádìí rẹ̀. Bó o bá rí i, má bá a jà. Ṣá fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Láàárọ̀ yìí, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ìyàwó oníbàtà dé, omi ti dà lára rẹ̀. Ó wo àgádágodo, ó bú sẹ́kún. Mo ní kí lo ń sunkún sí? Yàrá ìgbẹ̀bí ni wọ́n tì, wọn ò ti yàrá tí mò ń sùn. Orí bẹ́ẹ̀dì mi ló bí i sí, ọmọbìnrin, igbe rẹ̀ ì bá jí ọ́fíìsì Fáìlì lójú oorun. Mo fi báírò dúdú kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì gbé àga mi padà síwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Ibẹ̀ ni mo wà tí mò ń kọ èyí. Ẹni tó bá fẹ́ gbé mi kúrò, kó wá.

Ìyá rẹ ni


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Màámi,

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Bó bá jẹ́ pé lẹ́tà tí mo kọ ní oṣù kejì ti dé, ẹ ti mọ̀. Bí kò bá tíì dé, èmi ni. Èmi ni mo kún fọ́ọ̀mù náà. Èmi ni mo kọ mọ́kànlélógójì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo ti iléèwé dé lọ́sàn-án, oòrùn mú gan-an. Wọ́n ti yọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, wọ́n tẹ́ obìnrin kan lé e, ọkùnrin mẹ́rin gbé e jáde, aṣọ bò ó lójú. Ẹ tẹ̀ lé wọn dé ojú títì. Nígbà tí ẹ padà, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni tí kò rí mi, ẹ fọ ọwọ́, ẹ mú báírò pupa, ẹ kọ̀wé. Bí ẹ ṣe jáde ni mo lọ wo ìwé náà. Orúkọ obìnrin yẹn wà níbẹ̀ ní pupa. Ibi tí ẹ máa ń kọ ọmọ sí ṣófo. Ibi tí ẹ máa ń kọ ọjọ́ tí ìyá lọ sílé sí náà ṣófo.

Látìgbà náà, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ní kí n wá fa ìlà, mo máa ń ka àwọn pupa. Ọjọ́ tí mo fi ilé sílẹ̀, wọ́n pé mọ́kànlélógójì. Mi ò bi yín. Ta ló ń bi ìyá rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Mo kúkú lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn èèyàn rò pé mò ń tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ yín. Màámi, mò ń sá fún un ni.

Fọ́ọ̀mù béèrè pé, obìnrin mélòó ló kú lábẹ́ ìtọ́jú yín? Níbi tí mo wà yìí, ìdáhùn òótọ́ sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló ń mú olùkọ́ wá. Mi ò mọ̀ pé àgádágodo ló máa mú wá bá yín. Mo fi ojú ìjọba ibí wo ìjọba ibẹ̀, òmùgọ̀ ni mí.

Mo tọrọ àforíjì pé mo lo orúkọ yín. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo yí gbiri. Ṣùgbọ́n mi ò lè tọrọ àforíjì lórí iye yẹn, àfi tí ẹ bá sọ fún mi pé irọ́ ni. Bó bá jẹ́ irọ́, kí ni pupa wà fún?

Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹrin

Màámi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mi ò gbúròó yín. Ẹ̀gbọ́n mi náà ò gbé fóònù mọ́. Ìyàwó wọn ló gbé e lẹ́ẹ̀kan, ó ní wọ́n ti gun alùpùpù jáde láti àárọ̀, pé ìgbà kẹjọ nìyẹn lóṣù yìí, pé Màámi ló rán wọn níṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ. Ṣé ẹ ń sá kúrò nílùú ni? Ṣé wọ́n fẹ́ mú yín?

Mo ti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba pé kí wọ́n fagi lé fọ́ọ̀mù náà, pé èmi ni mo kún un, kì í ṣe ẹ̀yin. Wọ́n dáhùn pé ẹni tó ni orúkọ nìkan ló lè fagi lé e. Nígbà tí mò ń kún un, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá èmi ni mo ni orúkọ.

Ilé ò gbà mí, ọ̀nà ò gbà mí. Àwọn aláṣẹ ibí ti kéde pé àwọn fẹ́ gbé wọ́ọ̀dù wa fún oníṣòwò, pé apá ìjọba ò ká irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ mọ́. Gbogbo àwa nọ́ọ̀sì ń jáde síwájú ọsibítù lákòókò ìsinmi ọ̀sán, a gbé páálí dání, a ń pariwo. Mo gbé tèmi sókè, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ILẸ̀KÙN YÌÍ Ò NÍ TÌ. Ọkàn mi wá lọ sọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé àga síwájú ilẹ̀kùn tí èmi bá wọn tì.

Ẹ bú mi. Ẹ ṣépè fún mi pàápàá. Ẹ ṣá kọ̀wé.

Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún

Abẹ́rẹ́,

Mo dákẹ́ nítorí pé bí mo bá kọ̀wé lọ́jọ́ tí mo ka tìrẹ, ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé kó padà ni ǹ bá kọ. Mo sì ní kí n kọ́kọ́ gba ilé mi ná, kí n tó yíjú sí ọmọ mi.

Ohun tí pupa wà fún nìyí. Bí mo bá rí i pé ọ̀rọ̀ obìnrin kan ti kọjá mi, n kì í dúró títí yóò fi bàjẹ́. Mo máa ń ní kí wọ́n tètè gbé e lọ sí ọsibítù. Báírò dúdú ni mo fi ń kọ iṣẹ́ tí mo ṣe parí. Báírò pupa ni mo fi ń kọ ẹni tí mo gbà pé agbára mi ò ká. Ibi ọmọ ṣófo nítorí pé èmi kọ́ ni mo gbẹ̀bí rẹ̀, n kì í sì í kọ ohun tí ọwọ́ mi ò ṣe. Bí àǹtí mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ó ní agbẹ̀bí tí ìwé rẹ̀ dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí obìnrin sá fún un, agbéraga ni.

Obìnrin tó wà lórí ilẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn, Ìyá Ìbejì ni. Ìlú kejì lọ́hùn-ún ló ń gbé, o ò lè mọ̀ ọ́n. Oòrùn ló mú ká fi aṣọ bò ó lójú.

Mo bínú sí ọ, Abẹ́rẹ́. Mo ṣì ń bínú báyìí tí mò ń kọ̀wé. Fọ́ọ̀mù kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni pé ọdún mẹ́sàn-án lo fi jókòó tì mí, ò ń fa ìlà, ò ń jẹun lọ́wọ́ mi, o sì ń wò mí bí ẹni tó ń pa èèyàn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbà, o ò bi mí. Èmi náà rí i pé o máa ń dákẹ́ bó o bá ń fa ìlà, mo rò pé iṣẹ́ lo gbájú mọ́. Èmi náà ò bi ọ́. Ká jọ pín ẹ̀bi yẹn.

Ó yá, gbọ́ ìròyìn. Ìjọba pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn káńsù, pé kí ará ìlú wá sọ tẹnu wọn lórí òfin náà. Iṣẹ́ tí mo rán ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn. Ó gbé ìwé mi lé orí alùpùpù, ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ó ń wá àwọn ẹni pupa kiri. Àwọn kan ti kó lọ, àwọn kan ti dàgbà kú. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló rí.

Bí a ṣe wọ gbọ̀ngàn, ariwo ti gba ibẹ̀ kan. Àwọn tó wà lápá ọ̀tún ń pariwo pé kí ìjọba gba gbogbo rẹ̀, kó má ku agbẹ̀bí kan nílẹ̀. Àwọn tó wà lápá òsì ní kí ìjọba kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò pátápátá, kí oníkálukú máa ra ìlera bó ṣe ń ra bàtà. N kò mọ apá tí n ó jókòó sí. Mo gbé àga mi sáàárín, ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọjá. Ọkùnrin kan ní kí n sún. Mo ní orúnkún ń dùn mí.

Fáìlì dìde, ó ka orúkọ mi, ó ní kí gbogbo ayé wo ìdí tí òfin fi gbọ́dọ̀ múlẹ̀: ilé kan ṣoṣo, òkú mọ́kànlélógójì. Alága, obìnrin kan báyìí tí ohùn rẹ̀ tutù, bi mí bóyá mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ.

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ̀yin òkú mi, ẹ dìde."

Wọ́n dìde, Abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn, níwájú, ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n wọn, àwọn míì pẹ̀lú ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn míì pẹ̀lú ọmọ ọmọ. Ìyá Ìbejì dìde, Táíwò dìde lápá ọ̀tún rẹ̀, Kẹ́hìndé dìde lápá òsì, géńdé ọkùnrin méjì tí wọ́n fi orí ga ju Fáìlì lọ. Ìyá Ìbejì ní, "Ẹ kí mi dáadáa o, ẹ ò tíì bá òkú sọ̀rọ̀ rí." Àwọn apá ọ̀tún rẹ́rìn-ín, àwọn apá òsì rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n dákẹ́.

Mo ní, "Méjìlá ti kó lọ tàbí dàgbà kú, a ò rí wọn. Ó ku méjì. Mo mọ orúkọ wọn, mo mọ ọjọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n gbé wọn lọ, a sì wá mọ́tò títí, a ò rí. Ojú ọ̀nà ni wọ́n kú sí, ọ̀kan nínú kẹ̀kẹ́ akóyanrìn. Ẹ kọ àwọn méjèèjì sílẹ̀. Kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó ni ojú ọ̀nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn." Lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Alága ní, "Ìyá, kí lẹ wá fẹ́ gan-an? Ṣé kí ìjọba wọlé ni àbí kó jáde?"

Mo ní, "Kó wọlé. Ṣùgbọ́n kó kan ilẹ̀kùn. Kó sì gbé mọ́tò síta. Ìjọba ní mọ́tò kan nígbà kan rí tó máa ń dúró sí oríta nítorí àwọn aláboyún. Mo mọ̀ ọ́n, ó gbé mi rí. Ẹ dá mọ́tò yẹn padà, kí ẹ wá máa wọn fèrèsé mi láti àárọ̀ dalẹ́, n ó gbé àga fún yín."

Wọ́n fẹ́ gba ìwé mi lọ sí olú ìlú láti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní kò ní ṣeé ṣe, kí wọ́n wá kà á nílé mi. Wọ́n wá, alága àti akọ̀wé rẹ̀, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi kà á. Lọ́jọ́ Ajé, Fáìlì fúnra rẹ̀ ló ṣí àgádágodo. Ó ní fún ìgbà díẹ̀ ni o, títí òfin yóò fi jáde. Mo ní kó mú àgádágodo rẹ̀ dání, kó lọ fi ti ẹnu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá òun kí mi.

Mo ti fagi lé fọ́ọ̀mù rẹ, mo kún tèmi. Níbi tí wọ́n ti béèrè iye tó kú, mo kọ méjì. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tó pa wọ́n, mo kọ àìsí mọ́tò. Mọ́tò ò tíì dé o. Bí òjò bá dé tí kò tíì dé, a ó padà sí gbọ̀ngàn yẹn, àwọn òkú mi á tún dìde.

Mo gbọ́ ohun tí ìjọba tọ̀dọ̀ rẹ fẹ́ ṣe sí wọ́ọ̀dù yín. Má gbà fún wọn. Bí ìsinmi ọ̀sán ò bá tó, ẹ fi ti àárọ̀ kún un. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ọ́, gbé àga lọ, kí o sì gbé e sáàárín ọ̀nà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Mọ́kànlélógójì lo kà. Méjìlélógójì ló yẹ kó o kà. Ọ̀kan wà nínú ìwé tí ìwọ ò fa ìlà sí rí, ìwé àǹtí mi, ó wà nísàlẹ̀ àpótí mi. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀ ní pupa. Mo ti rọbí fún odindi ọjọ́ kan àti ààbọ̀, àǹtí mi sì gbà pé agbára òun ò ká a. Mọ́tò ìjọba ló gbé mi ní oríta, dókítà ìjọba ló ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Ibi tó yẹ kí wọ́n kọ ọmọ sí ṣófo títí dòní. Ìwọ ni.

Fi báírò pupa ránṣẹ́. Méjìlá ni mo sọ.

Ìyá rẹ ni